Kí Fèrè Kẹta Tó Dún

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ènìyàn ń ṣe tíátà, ètè ni wọ́n máa yọ sí i. Wọ́n á ní iṣẹ́ aláìríkan-ṣe ni. Kí wọ́n máa yọ ọ́ lọ. Ẹni tí kò bá tíì jókòó nínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí mẹ́fà rí, kí orúnkún rẹ̀ kú, kí ọmọ ọlọ́mọ bì sí i lára, kó wá sọ̀ kalẹ̀, kí obìnrin kan sì mú un rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé pé ìrìn ṣì kù, ẹ má jẹ́ kí onítọ̀hún bá wa sọ̀rọ̀ nípa tíátà.

Màmá Ìtàgé ni gbogbo èrò ọ̀nà ń pe obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé ìròyìn tó gbé àwòrán rẹ̀ rí. Kò ga. Bó bá dúró sẹ́yìn àpò símẹ́ńtì méjì tí wọ́n tò léra, fìlà orí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ohùn rẹ̀ ló ga. Bó bá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ń bá òun nìkan sọ ọ́.

Gbọ̀ngàn tó ti ń ṣeré, ibi tí wọ́n ti ń tún lọ́rì ṣe ni tẹ́lẹ̀. Epo dúdú ti mu ilẹ̀ ibẹ̀ yó, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Àga bọ́ọ̀sì tó ti kú ni wọ́n tò síbẹ̀, fóòmù ti yọjú lára òmíràn. Ẹ wò ó ná: èrò á dìde lórí àga bọ́ọ̀sì, á tún wá jókòó sórí àga bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ráhùn rí. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ríìmù lọ́rì mẹ́jọ ni ìtàgé. Tapólì ni aṣọ ìkélé, ó wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń fà á. Yàrá ìmúra wọn ńkọ́? Ibi ìjókòó awakọ̀ lọ́rì kan tó ti kú tipẹ́ ni, wọ́n tì í mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni Màmá Ìtàgé ti ń pààrọ̀ aṣọ, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ló sì fi ń kun àtíkè. Ó máa ń sọ pé, "Ọkọ̀ yìí ò rìn mọ́ o, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń gbé mi lọ síbi tí mò ń lọ."

Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n. Ọkọ rẹ̀ ń ta gìtá. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan báyìí ni, tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i láàárọ̀, ó lè dá yín lóhùn lọ́sàn-án. Màmá Ìtàgé ń pè é ní Bàbá wọn, òun náà ń pè é ní Ìyá wọn, nítorí àwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà lọ. Ẹnì kẹta ni àbúrò Màmá, obìnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan. Bí eré bá ń fẹ́ ìyá ọkọ, òun ni. Bó bá ń fẹ́ onílé tàbí dókítà, òun náà ni.

Ìlànà ibùdó náà kò le. Ogójì ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì ń dúró. Awakọ̀ á lọ jẹun, èrò á lọ tura, wọ́n á ra ohun tí wọ́n máa fi panu, wọ́n á wọ gbọ̀ngàn. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, awakọ̀ á fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ẹ palẹ̀ mọ́. Bó bá ku márùn-ún, á fọn ìkejì: ẹ máa wọlé. Ìkẹta ò ní àlàyé. Ẹni tí ìkẹta bá bá nílẹ̀, kó lọ wá ibi tó máa sùn.

Òfin Màmá Ìtàgé ni pé bí fèrè àkọ́kọ́ bá fi máa dún, ẹni tó máa kú nínú eré ti gbọ́dọ̀ kú, ẹni tó máa gbéyàwó ti gbọ́dọ̀ gbé e. Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ èrò kan tó máa pẹ́ nítorí ẹnu rẹ̀. Kò fi òfin yìí ṣeré rárá, ó sì ní ìdí.

Nígbà tó wà lọ́mọge, tó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kan káàkiri, wọ́n ṣeré ní ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà yìí kan náà. Eré dùn lọ́jọ́ náà, ó dùn kọjá ààlà, Màmá ń fa ọ̀rọ̀ gùn nítorí pé àtẹ́wọ́ ń dùn mọ́ ọn. Fèrè dún, àwọn èrò tó gbọ́ sáré jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kí obìnrin kan gbọ́. Nígbà tó jáde, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ọjọ́ kejì ni obìnrin náà tó rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó gba ibẹ̀ padà, ó wá bá ọmọge òṣèré lẹ́yìn ìtàgé. Kò bínú. Ó ṣáà wí pé, "Eré yín dùn o. Ìyá mi ni mò ń lọ bá. Mi ò bá a láyé."

Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó lọ. Bó bá jẹ́ pé ó gbá a létí ni, ìbá sàn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá Ìtàgé lára, kò sì jáde mọ́. Ìgbà tó wá ní gbọ̀ngàn tirẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó wá bí òun ṣe máa mọ àkókò.

Kò gbé aago kọ́. Ó ní òṣèré tó bá ń wo aago máa ń rí bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Àwo oúnjẹ awakọ̀ ló ń wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fèrèsé kan wà lápá òsì ìtàgé tó kọjú sí ilé oúnjẹ, tábìlì awakọ̀ sì wà níbẹ̀ gan-an. Bí awakọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ṣíbí tú ìrẹsì, eré ṣì wà níbi ìjà. Bó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì, ìyá ọkọ á wọlé. Bó bá ku ẹran nìkan, Màmá á bẹ̀rẹ̀ ìparí. Ó mọ ọwọ́ gbogbo wọn. Awakọ̀ kan wà tó ń jẹun bí olè tí wọ́n ń lé, eré kúkúrú ni ti èrò tirẹ̀. Òmíràn máa ń gba oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kejì, eré tirẹ̀ gùn débi pé ẹkún ń wà nínú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, kò tàsé rí.

Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn ni Jẹ́jẹ́. Orúkọ yẹn kì í ṣe àwàdà: jẹ́jẹ́ ló ń wakọ̀, jẹ́jẹ́ ló ń jẹun, bó bá ń sín pàápàá, jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ẹran ló máa ń fi sílẹ̀ dé ìparí. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ti inú bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kú ṣáájú ìyẹn, kò sì tún èyíkéyìí ṣe. Kí ló máa fi aago ṣe? Etí ló fi ń mọ àkókò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré tí wọ́n máa ń ṣe fún èrò ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ ṣe rí, kó lè yé yín. Obìnrin kan ni, ọkọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ohun yòówù kí obìnrin náà sọ, gìtá ni ọkọ fi ń dá a lóhùn. Bó bá ní, "Ṣé o ti jẹun?" gìtá á dún tín-tín. Bó bá ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ràn ni àbí gìtá?" gìtá á dákẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Níkẹyìn, ara obìnrin ò gbà á mọ́, á di ẹrù rẹ̀, á gbé e lé orí, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni gbogbo èrò máa ń pariwo, láìsí ẹni tó kọ́ wọn, pé, "Má lọ o!" Nígbà náà ni ọkọ á gbé gìtá sílẹ̀, á la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́, á ní, "Dúró dè mí. Jẹ́ ká jọ lọ." Eré parí.

Ariwo "Má lọ o!" yẹn ni aago Jẹ́jẹ́. Bó bá ti gbọ́ ọ, á ju ẹran sẹ́nu, á ṣan ọwọ́, á lọ fọn fèrè àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá. Màmá ò mọ̀ pé etí ni Jẹ́jẹ́ fi ń wo òun. Jẹ́jẹ́ náà ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ka ẹran inú àwo òun.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ibùdó tuntun kan ṣí níwájú, bí ìrìn wákàtí kan sí i. Tẹlifíṣàn ńlá wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ilé-iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkọ̀ àwọn ń pẹ́ jù ní ibùdó àtijọ́. Irọ́ gbuu! Táyà tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà ló ń mú wọn pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́?

Ọkùnrin tó ni ilé epo, tó sì ni gbogbo ilẹ̀ ibùdó náà, wá bá Màmá Ìtàgé nídìí lọ́rì tó ti ń múra.

"Màmá, wọ́n ń rán alábòójútó bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ ló máa bá wá. Bí ọkọ̀ bá lo ju ogójì ìṣẹ́jú lọ níbí, wọ́n máa kó ibùdó lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹlifíṣàn."

"Bí wọ́n bá wá kó o lọ ńkọ́?"

Ó wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé mi ò lè máa fi gbọ̀ngàn ṣófo. Màá sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni."

Màmá Ìtàgé rẹ́rìn-ín. "Ogójì ìṣẹ́jú? Lọ fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó pẹ́ rí nítorí ẹnu mi láti ọdún mẹ́tàlélógún."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó jókòó sórí àga awakọ̀ inú lọ́rì yẹn, ó di ìdarí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ wá dúró létí ilẹ̀kùn. Kò sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Ẹ̀rù ń ba Màmá, ó sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀: "Bàbá wọn, bí wọ́n bá gba ibí lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ẹni tí mo tún jẹ́."

Ọjọ́bọ̀ dé. Bọ́ọ̀sì wọlé lọ́sàn-án gangan, èrò méjìlélógójì sọ̀ kalẹ̀. Alábòójútó bá wọn sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò rẹ́rìn-ín, aago lọ́wọ́, ìwé ní abíyá. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó jókòó sí ìlà kẹta, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ àkókò sí i.

Àbí ẹ rí i bí ayé ṣe rí? Jẹ́jẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọlọ́kàn tútù, láti àárọ̀ ni alábòójútó yìí ti jókòó tì í, tó ń kọ̀wé, tí kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ méjì. Wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó mú ṣíbí, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún mú un, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Kò lè jẹ ẹ́.

Lórí ìtàgé, Màmá ti wà níbi ìjà. Ó ju ojú sí fèrèsé: àwo kún. Ó dára, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó bá ọkọ rẹ̀ jà síwájú sí i, gìtá ń dáhùn, gbọ̀ngàn ń mì. Ó tún ju ojú: àwo kún. Háà, Jẹ́jẹ́, lónìí pàápàá! Ó ṣẹ́jú sí àbúrò rẹ̀, ìyá ọkọ wọlé. Ìyá ọkọ jáde, àwo ṣì kún. Ó ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, onílé wọlé wá gba owó ilé. Lẹ́yìn onílé, dókítà dé wá yẹ ọ̀fun ọkọ wò, bóyá àìsàn ni ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí eré yìí bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àbúrò yẹn ò ní pẹ́ di ajá tó ń gbó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èrò ń fọwọ́ di inú. Alábòójútó fúnra rẹ̀ ti gbé ìwé sí orúnkún, bírò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Nínú ilé oúnjẹ, Jẹ́jẹ́ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀rín ló ń gbọ́, kò tíì gbọ́ "Má lọ o!" Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé àyè ṣì wà, Màmá kì í tàsé. Àwo ń dúró de ariwo, ariwo ń dúró de àwo. Irú àṣìṣe báyìí, ẹni tó bá ní aago ò lè ṣe é láéláé.

Ohun tó gba Màmá Ìtàgé sílẹ̀ ni ojú ènìyàn kan. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó síwájú, létí àga, ó gbé àpò lé itan, kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Òṣèré tó mọṣẹ́ máa ń wá ẹni tí kò rẹ́rìn-ín kó lè mú un rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì ni Màmá ṣe wò ó dáadáa. Ó mọ ojú yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rí i lójú oorun. Ojú ẹni tí ẹnì kan ń retí ni.

Ó ti pẹ́. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó, ó ṣáà mọ̀ pé ó ti pẹ́.

Ó dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó bọ́ síwájú ìtàgé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àkókò ti lọ. Ẹ lọ wọkọ̀ yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Mi ò ṣeré o! Òótọ́ ni mò ń sọ!"

Ẹ̀rín tún lé sí i. Ọkùnrin kan nu omijé ojú, ó ní, "Obìnrin yìí máa pa mí!" Kò sẹ́ni tó mira. Kí ni wọ́n máa mira sí? Ẹni tó ti ń purọ́ dídùn fún yín láti ìṣẹ́jú mélòó kan, bó bá wá sọ òótọ́, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́?

Àwọn tó ń yọ ètè sí i, ibi tó yẹ kí wọ́n wà nìyẹn. Ó lè sunkún, ó lè sá lọ pe awakọ̀ kó fi èrò sílẹ̀ lórí àga. Kò ṣe méjèèjì. Ó yí padà, ó fa ẹrù eré rẹ̀ yọ, ó gbé e lé orí. Ó bọ́ sílẹ̀ láti orí ìtàgé, ohun tí kò ṣe rí, ó gba àárín àga kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń wí fún ọkọ rẹ̀ láìwẹ̀yìn pé, "Mò ń lọ. O gbọ́? Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ni mò ń lọ wọ̀. Tí o bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá mi sọ, wá sọ ọ́ nídìí ọkọ̀!"

"Má lọ o!" Gbọ̀ngàn mì tìtì.

Ní ilé oúnjẹ, Jẹ́jẹ́ fò dìde bí ẹni tí èèrà ta. Ẹran ò dé ẹnu, ọwọ́ ò kan omi. Ó sáré. Bẹ́ẹ̀ ni o, Jẹ́jẹ́ sáré! Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń fi búra dòní.

Àwọn èrò dìde, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin ẹlẹ́rù, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkọ máa sọ. Wọ́n tú jáde sínú oòrùn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, fèrè àkọ́kọ́ àti ìkejì dún léra. Màmá Ìtàgé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: "Wọlé, ìwọ, o máa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yin náà, bàbá, ẹ wọlé." Ó mú ọ̀dọ́bìnrin yẹn lọ́wọ́, ó bá a rìn dé àga iwájú.

"Ta lò ń lọ bá, ọmọ mi?"

"Bàbá mi, mà. Wọ́n ní kí n tètè dé."

Màmá mú un jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ lé e nítan. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti dé, gìtá ní àyà, gbogbo orí ti yọ síta lójú fèrèsé. Ó gbé gìtá sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Dúró dè mí," ló wí. "Jẹ́ ká jọ lọ."

Ariwo ayọ̀ tó bú jáde nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé rẹ̀. Alábòójútó nìkan ló kù nílẹ̀. Ó wo aago, ó kọ nǹkan kan.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni, ọ̀gá?" ni Màmá bi í.

"Mọ́kànlá lórí ogójì."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má yọ ẹyọ kan kúrò. Ṣùgbọ́n ọrùn mi ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má kọ ọ́ sí awakọ̀ lọ́rùn. Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ gùn."

Ọkùnrin náà wò ó, ó pa ìwé dé, ó wọlé. Fèrè kẹta dún. Bọ́ọ̀sì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ padà láti ẹnu awakọ̀ mìíràn pé òun tọrọ àforíjì, pé òun ò lè jẹun ni, òun sì ń dúró de ariwo. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Àbúrò Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ènìyàn lè kú láàárín ìṣẹ́jú kan, mélòó mélòó ni mọ́kànlá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ni ilé epo gbé e fún Bàbá wọn pé kó kà á. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ka lẹ́tà sókè níwájú gbogbo wọn. Alábòójútó kọ ọ́ pé ọkọ̀ fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá pẹ́, pé obìnrin ìtàgé ló jẹ̀bi, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì ní kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun bi èrò kọ̀ọ̀kan léèrè lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ pẹ́. Ó ní ohun tó bí òun nínú ni pé awakọ̀ ò jẹun, awakọ̀ tí ebi ń pa léwu ju èyí tó pẹ́ lọ. Nítorí náà, ibùdó ò ní kúrò níbẹ̀. Kí ọkọ̀ máa dúró fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. Kí wọ́n sì ra aago kan, lórúkọ Ọlọ́run.

Wọ́n pariwo, wọ́n gbé Màmá lọ sókè. Ó dúpẹ́, inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti òdì kejì ló ń jáde lọ wò, ó ń wá ojú kan láàárín àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i, kò bi í. Ó ṣáà ń bá a jáde ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀dọ́bìnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Màmá Ìtàgé dúró lójú kan, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni ọmọ náà wí. "Mo bá wọn."

"O bá wọn?"

"Mo bá wọn láyé, mà. Wọ́n dá mi mọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré yín fún wọn, ti ọkùnrin tó ń fi gìtá dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mà. Wọ́n bi mí pé kí ni ọkùnrin náà wá sọ níkẹyìn. Mo ní, ó ní, 'Dúró dè mí. Jẹ́ ká jọ lọ.'" Ó nu ojú. "Wọ́n ní, 'Ohun tí mo ti ń sọ fún ìyá rẹ nìyẹn láti ọdún mẹ́ta tó ti kú.' Wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí."

Màmá Ìtàgé fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì sunkún níbẹ̀, lójú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, bí ẹni tó gbé ẹrù fún ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Síbẹ̀ èrò ti jókòó, eré gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wọ inú lọ́rì, ó fi àtíkè bo ojú rẹ̀, ó jáde. Aago tuntun wà lára ògiri ilé oúnjẹ, ó tóbi bí àwo, ṣùgbọ́n kò wò ó. Àwo Jẹ́jẹ́ ló wò. Nígbà tó ku ẹran nìkan, ó gbé ẹrù lé orí. Wọ́n pariwo, "Má lọ o!" Ọkọ rẹ̀ gbé gìtá sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ibẹ̀ ni Màmá ti máa ń tẹríba fún àtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, kò tẹríba. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó sì dúró de ọkọ rẹ̀ títí tó fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn èrò rò pé bí eré ṣe máa ń parí nìyẹn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni Jẹ́jẹ́ fọn fèrè àkọ́kọ́.